Oríkì Kàmíl Tí Ẹ Gé sí Méjì

12 Wren Hollow Lane,
Cedar Hill, Texas.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Eré Ìdárayá,
Yunifásítì Pecan Fork,
Dallas, Texas.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌWÉ Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ OHÙN MI DÚRÓ NÍ PÁPÁ BỌ́Ọ̀LÙ YÍN, KÍ Ẹ SÌ JẸ́ KÍ N PARÍ ORÍKÌ TÍ MO BẸ̀RẸ̀

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí tábìlì ká, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ kí ẹ fetí sí mi. N kò mọ̀wé kà, n kò sì mọ̀ ọ́n kọ. Hafsah, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi òyìnbó rọ́pò ọ̀rọ̀ mi. Ó ní ẹ ò ní lè kà á. Mo ní nígbà tí ẹ wá gba ohùn mi, ṣé òyìnbó ni mo sọ? Ẹ ní olùkọ́ kan níbẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, Ayọ̀ladé ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ fún mi. Ẹ ránṣẹ́ pè é. Kí ó kà á sókè, kó má fo ibì kankan.

Èmi ni Sìmíátù Àṣàkẹ́, ọmọ Ọ̀fà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọdún 2004 ni mo dé ìlú yìí, nígbà tí Salimot ọmọ mi bí Kàmíl. Òun ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù, Wàhídì ọkọ rẹ̀ ń lọ sídìí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tí yóò gbé ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni mo ní mo fẹ́ lò. Ó ti di ọdún kọkànlélógún. Ẹ̀yìn mi yìí ni Kàmíl sùn, ọwọ́ mi yìí ló ti kọ́ ìrìn.

Kí n tó sọ ohun tí ẹ ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ mú. Àdìgún ni oríkì Kàmíl. Láràárọ̀ ni mo fi ń jí i, láti ìgbà tó ti wà lórí àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi ga jù mí lọ. Ní ilé wa, oríkì tí a fi ń jí ọmọkùnrin ní apá méjì. Apá kìíní ń gbé e dìde. Ó ń wú u lórí, ó ń mú ara rẹ̀ gbóná, ó ń sọ fún un pé kò sí ẹni tó lè dá a. Apá kejì ń gbé e kalẹ̀. Ó ń sọ fún un pé ó tó, kó sọ èjìká kalẹ̀, kó wá jókòó jẹun. Ìyá mi tó kọ́ mi kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá ti pe apá kìíní, tí iná bá ń jó ilé, kí n dúró parí apá kejì kí n tó sá jáde. Ó ní ẹni tó bá pe ènìyàn gun òkè tí kò pè é sọ̀ kalẹ̀, òkè ló fi í sílẹ̀ sí.

Ilé oníjàkadì ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà n kì í bẹ̀rù bí ọmọ bá ń jà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tiyín yìí, tó rí bí ẹyin, tí ọkùnrin mẹ́rin ń já lu ọkùnrin kan nítorí rẹ̀, n kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rí i. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí nìyẹn, a ó fà á dìde, a ó lọ mu omi. Tiyín kì í parí. Wọ́n á ṣubú, wọ́n á dìde, wọ́n á tò, wọ́n á tún ṣubú. Wàhídì ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, “Màmá, níbí, bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n fi ń mọ ènìyàn.” Irọ́ kọ́ ló pa. Ọjọ́ tí ẹ mú Kàmíl sínú ẹgbẹ́ yín, àwọn tí kò kí wa rí lójú pópó wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Stella, ọmọ Bìní tó múlé tì wá, kan àsíá yín mọ́ iwájú ilé rẹ̀. Inú èmi náà dùn. N kò ní purọ́ nínú ìwé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹ rán ọ̀gbẹ́ni kan àti obìnrin kan tó gbé kámẹ́rà wá sílé wa. Kàmíl ló ti sọ fún wọn pé ìyá àgbà òun máa ń fi ohùn jí òun. Wọ́n ní kí n jí i kí àwọn gbọ́. Ọmọ náà kò sí nílé, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Mo pe oríkì ẹni tí kò sí níwájú mi. Mo pe apá kìíní, ó sì dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń dùn lọ, nítorí àlejò ń wò mí. Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ sí apá kejì, ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti tó, ó dára gan-an. Mo dákẹ́. Iná kò jó ilé. Àlejò kàn gbé ọwọ́ sókè ni, mo sì dákẹ́. Mo ní màá parí rẹ̀ bí wọ́n bá lọ. Mo wá dìde lọ gbé ohun mímu fún wọn, mo gbàgbé. Wọ́n na gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó ń tàn bíi fóònù sí mi pé kí n fi ìka fa ìlà sí i. Mo fà á. Hafsah wà níbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.

Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Sátidé ni. Èmi, Salimot àti Wàhídì jókòó ní ìlà kẹsàn-án láti ìsàlẹ̀, ní ìhà tí Kàmíl àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi nígbà tí Kàmíl kọ́kọ́ ṣubú. Èèyàn méjì já lù ú, orí rẹ̀ kan orí ẹnìkan, mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dìde. Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Kò bọ̀ sọ́dọ̀ tiyín. Ó rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wù funfun, àwọn tí wọ́n ń bá jà, ó fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Ọ̀kan nínú wọn dì í léjìká mú, ó yí i padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fa Salimot láṣọ. Mo ní, “Ọmọ yìí ò mọ̀nà ilé mọ́.” Ó ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Wọ́n mú un jókòó. Ẹnìkan tan iná sí i lójú fún bí ìgbà tí ènìyàn ń mí lẹ́ẹ̀mẹta. Kàmíl bọ́ akoto orí rẹ̀, ó gbé e sórí itan, ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo inú kànga.

Ìgbà náà ni ohùn mi jáde. N kò mọ̀ pé ẹ ti gbé e sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò ti ibì kan wá, ibi gbogbo ló ti wá, ó tóbi, ó wúwo, ó bo orí wa mọ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ẹnu mi láti mọ̀ bóyá èmi ni mò ń sọ̀rọ̀.

Dìde, Àdìgún.
Ọmọ a-gbéni-ṣánlẹ̀-fani-dìde.
Ilẹ̀ ò gbà ọ́. Ilẹ̀ kì í gba akọni lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn èyí, ìlù, ariwo, ó tún padà sí “Dìde, Àdìgún.” Lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ènìyàn bọ́ sókè. Kàmíl náà dìde. Kò wo kóòṣì, kò wo ẹnikẹ́ni, òkè ló ń wò, níbi tí ohùn ti ń wá. Ó gbé akoto sórí. Kóòṣì fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó wọlé padà. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, kò dìde.

Ìwé tí ìgbìmọ̀ yín gbé jáde lẹ́yìn náà sọ pé kò sí ẹni tó rí àmì kankan lára rẹ̀ kó tó padà wọlé. Èmi rí i. Kò sí ẹni tó bi mí. Mo sì mọ ohun tó mú un padà, tí kò sí nínú ìwé yín: èmi ni.

Ó lo oṣù mẹ́rin ní ọsibítù. Ó ti wà nílé báyìí, nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń jẹun, ó ń rìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju mẹ́ta mẹ́rin lọ lójúmọ́, òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, Hafsah ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì máa ń bá sọ ọ́. Èmi, ó ń wò mí bí ẹni tó rí mi rí níbi kan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, dókítà ní kí a máa fi ohun tó mọ̀ hàn án. Wàhídì tan tẹlifíṣọ̀n sí eré yín. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ẹ ṣì ń lo ohùn náà. Ó jáde lójijì nínú pálọ̀ wa. Kàmíl tó ń fi ṣíbí jẹ kọ́ọ̀nfúléèkì dìde kí n tó mí, ó tẹ orúnkún, ó sọ orí kalẹ̀, ó já lu ilẹ̀kùn gáréèjì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí Wàhídì tó dì í mú. Ihò tó wà lára ilẹ̀kùn náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè wá wò ó. Ojú méje ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí Stella gbọ́, ó tú àsíá kúrò níwájú ilé, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ wọlé, ó sì wá kúnlẹ̀ fún mi, òun tí kò ṣe ohun kan.

A pa tẹlifíṣọ̀n. A pa rédíò ọkọ̀. Ní oṣù kọkànlá, Hafsah gbé èmi àti Kàmíl lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì yà ra gáàsì, epo ọkọ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ̀rọ gáàsì ìlú yìí ní tẹlifíṣọ̀n lára. Bí Hafsah ṣe ki ọ̀pá bọ ọkọ̀ báyìí, ìpolówó yín bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀rọ náà, ohùn mi sì ń pè é. Kàmíl ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó sáré bọ́ sójú títì. Ọkọ̀ ńlá kan tẹ bíréèkì títí tí rọ́bà fi ń rùn. Hafsah ló gbá a mọ́ra láàárín ọ̀nà. Èmi wà nínú ọkọ̀, mò ń pariwo pé, “Jókòó, Àdìgún, jókòó,” ṣùgbọ́n ohùn mi tó wà lára ẹ̀rọ gáàsì ju tèmi lọ.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n sinmi nìyí. Láràárọ̀ ni mo ṣì ń jókòó ti ibùsùn rẹ̀, tí mo ń pè é, apá kìíní àti apá kejì, kó lè kalẹ̀. Ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń jẹun. Kò gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan náà bá ti inú ẹ̀rọ jáde, ara rẹ̀ a dáhùn. Èmi àti ohùn mi ti di ẹni méjì, Ẹ̀yin Ọ̀gá. Èmi wà nílé. Òun wà níta, ó ń rìn káàkiri Texas, ó ń pe ọmọ mi dìde, n kò sì lè pè é wálé.

Hafsah ti kọ ìwé méjì sí yín ṣáájú èyí. Ẹ dáhùn ẹyọ kan. Ẹ ní ìlà tí mo fà sórí gíláàsì ti sọ ohùn náà di tiyín. Ẹ ní ó ti di àṣà ilé-ìwé yín. Àṣà ọdún méjì, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ ní ọ̀wọ̀ ni ẹ fi ń bù fún Kàmíl. Àwọn kan sì ti kó orúkọ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn jọ pé kí ẹ má yọ ọ́. Hafsah sọ fún mi pé wọ́n jà sí i lórí rédíò fún wákàtí méjì, ẹnìkan ní ìyá arúgbó kan ò lè ba Sátidé gbogbo ìlú jẹ́. Kódà láàárín wa, nígbà tí mo lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ní Garland, Jibril tó ń tọ́jú ibẹ̀ sọ fún mi pé, “Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni Yorùbá tí òyìnbó ń dìde fún.” Mo ní kì í ṣe èmi ni wọ́n ń dìde fún. Mo ní bó bá wá sílé wa, màá fi ẹni tó ń dìde hàn án. Kò tíì wá.

Wàhídì bẹ̀ mí pé kí n má kọ ìwé yìí. Ó ní kí ẹ má baà bínú sí ọmọ náà. N kò bá a wí. Ní ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ pè é sí oúnjẹ ọ̀sán, mo bá a nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní gáréèjì, ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, ó gbé fóònù sójú. Ìṣubú kejì ló ń wò. Bó bá kù díẹ̀ kí orí ọmọ kan ilẹ̀, á dá a dúró, á dá a padà sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Wàhídì, kí lò ń wá níbẹ̀?” Kò gbójú sókè. Ó ní, “Màmá, mo ń wò ó bóyá ó máa dìde lónìí.”

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Sáà eré yín tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ yọ ohùn mi kúrò ní pápá yín, nínú ìpolówó yín, lára ẹ̀rọ gáàsì, níbi gbogbo tí ọwọ́ yín bá tó. Kàmíl tún lè já lu ilẹ̀kùn, ó sì tún lè bọ́ sójú títì, a kò sì lè wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá jí ọmọ tó ń sùn, òun náà ni yóò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀yin jí i, ẹ sì fi rírẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ̀bẹ̀ kejì: ẹ ṣí pápá yín fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí eré. Kí ó má sí kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí Kàmíl jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, kí Hafsah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín sí mi lẹ́nu, ẹ ṣí i tán, bí ẹ ṣe ń ṣí i ní Sátidé. Ohùn tó wà lókè yẹn nìkan ló ń gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n sọ apá tí ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé ọwọ́ sókè sí. Bí mo bá ti parí, kí ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí a máa lọ. N kò ní pe ẹjọ́, n kò sì ní bá oníròyìn sọ̀rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọfọ̀ ni mo fẹ́ wá pè sórí pápá yín, màá sọ apá kejì náà síbí, kí Hafsah kọ ọ́ bí mo ṣe ń pè é. Kì í gùn.

Ó tó, Àdìgún. Ẹni tó jà ti jà.
Sọ ọwọ́ kalẹ̀, sọ èjìká kalẹ̀.
Kò sí ẹni tó ń lé ọ bọ̀ mọ́.
Ilé rèé, èmi rèé

Hafsah ti dáwọ́ dúró. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Kàmíl ló wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, kò tẹ orúnkún bí ẹni tó fẹ́ já lu ilẹ̀kùn. Ẹnu mi ló ń wò. Ó ní, ní Yorùbá, “Màmá, ta lẹ̀ ń pè?”

Kọ ọ́ síbẹ̀, Hafsah, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò lè parí ìwé yìí mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí ohùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín,

Sìmíátù Àṣàkẹ́,
Ìyá àgbà Kàmíl Àdìgún.